Ìdí tí aago Timex Data Link kì í fi í gba nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà òde òní

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó aago. Ẹ ní Data Link 150 tí ẹ rà, aago ọwọ́ tó ń gba nọ́ńbà fóònù láti inú ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ń kọ COMM READY, ìyẹn ni pé ó ti ṣetán láti gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń gbé e kojú kọ̀ǹpútà alágbèéká yín tó, nọ́ńbà fóònù kankan kò wọlé, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ pààrọ̀ bátìrì.

Ojú kọ̀ǹpútà yín ló lẹ̀bi. Nígbà tí Timex àti Microsoft kọ́kọ́ gbé irú aago yìí jáde lọ́dún 1994, mọ́nítọ̀ CRT, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀ bíi ti tẹlifíṣàn àtijọ́, ló wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, ìtànṣán kan a máa fa ìlà tẹ̀ lé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó bá fà dé a tàn yòò, a sì tún kú kíá. Ìlà funfun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń rí, ṣe ló ń kọ mànà sójú kékeré tó wà lára aago. Níbi tí ìlà kò bá sí, òkùnkùn ni ojú náà rí, ohun tí aago sì ń kà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: iná ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sinmi, gbogbo ìlà ló sì ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ gbé aago sí i mọ́jú, kò ní rí nǹkan kan kà.

Ojú mi rí màbo kí n tó mọ èyí. Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní ojú kékeré tí aago mi fi ń ríran ti bàjẹ́. Ó ṣí i, ó gbowó, kò sì dá rọ́bà tó ń dènà omi padà sí àyè rẹ̀, ni omi bá wọ inú aago lọ́jọ́ tí mo fọwọ́. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní kí n ra èyí tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rà á, pàbó ló já sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè irú mọ́nítọ̀ tí mo ń lò. Owó ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ wá CRT, ẹ fi software aago náà sórí Windows 95, ẹ to nọ́ńbà yín, ẹ sì fi ránṣẹ́. Timex ṣe àpótí kékeré kan tí iná LED rẹ̀ ń ṣẹ́jú fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣùgbọ́n serial port, ojú ihò àtijọ́ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, ló ń lò, èyí tí ẹ kò ní rí lára kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn kan ti fi Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè kọ iṣẹ́ fún, ṣe irú rẹ̀.

Bí ẹni tó ta CRT fún yín bá ní kí ẹ ṣí i láti nu eruku, ẹ má dá a lóhùn, nítorí iná tó lè pa ènìyàn ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú náà tún lè gbé wárápá dìde: ní Japan lọ́dún 1997, eré àwòrán àwọn ọmọdé kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú lórí tẹlifíṣàn gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ dé ilé ìwòsàn. Bí ẹni tó ní wárápá bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó jáde kúrò nínú yàrá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.