Ṣíìpù máa dúró ní Roatán, Belize àti Cozumel: ẹranko wo ló yẹ ká lọ wò, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Houston là ń gbé. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì (ọmọ ọdún 12 àti 9) àti màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta fẹ́ wọ ṣíìpù ní Galveston nínú oṣù keje, ọjọ́ méje gbáko, ó máa dúró ní Roatán (erékùṣù Honduras), Belize City àti Cozumel (erékùṣù Mexico). Ẹranko làwọn ọmọ fẹ́ rí, pàápàá sloth, ẹranko orí igi tó ń rìn jẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n ti wo fídíò ẹ̀ títí. Orúnkún ń dun màmá, èmi alára ò mọ omi wẹ̀. Mo wo iye tí ṣíìpù ń ta excursion wọn, ìyẹn ìrìn afẹ́ tí wọ́n ń ṣètò ní ìlú tí wọ́n bá dúró sí, ó ga o! Àwọn kan ní ká má rà á, pé tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀ a máa rí àwọn ará ìlú tó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ bá mi kí màmá dáadáa. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, owó gidi tẹ́ ẹ bá ní, Belize ni kẹ́ ẹ ná an sí, kẹ́ ẹ sì rà á lọ́wọ́ ṣíìpù. Ní Cozumel, ẹ wọ takisí fúnra yín. Ní Roatán, ẹ lọ wo ẹja, kẹ́ ẹ jẹ́ kí sloth sinmi. Ó yá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí.

Belize lè yà yín lẹ́nu torí ṣíìpù ò ní kan èbúté rárá. Omi ibẹ̀ ò jìn, ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ìlú, ọ̀ọ́kán ló máa dákọ̀ró sí, ọkọ̀ kékeré á wá máa kó yín lọ sí etí omi, ẹ máa tò, ẹ máa dúró, ẹ máa jókòó nínú ọkọ̀ kékeré yẹn fún bí ogún ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì máa ṣe tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ wá fi àkókò tí bọ́ọ̀sì máa lò lójú títì kún un. Wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ẹ lè má ní ju márùn-ún lọ. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra ti ṣíìpù níbẹ̀ nìyẹn: bí bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi kó yín bá pẹ́, ọkọ̀ máa dúró dè yín torí àwọn ló tà á fún yín. Ẹni tó bá dá lọ tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú un lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀. Fídíò àwọn tó ń sáré lórí èbúté tí ṣíìpù ti ń lọ pọ̀ lórí YouTube, ẹ̀rín ni fún ẹni tó ń wò ó, àmọ́ owó báálù tí ẹni tó ń sáré yẹn máa wọ̀ lọ bá ọkọ̀ ní ìlú tó kàn, àpò ara ẹ̀ ló ti máa yọ ọ́.

Ibi méjì ni mo máa ń rán ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko ní Belize. Ìkíní ni Community Baboon Sanctuary, ní Bermudian Landing àtàwọn abúlé tó yí i ká létí odò Belize. Kì í ṣe baboon gangan ló wà níbẹ̀ o, ọ̀bọ dúdú tí wọ́n ń pè ní howler ni, àwọn ará Belize ló sọ ọ́ ní baboon. Lọ́dún 1985 làwọn tó nilẹ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní gé igi etí odò, àwọn ò sì ní gé èyí tó wà láàárín oko kan sí ìkejì, kí ọ̀bọ lè máa rọ́nà gbà lókè láì sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àgò, kò sí ẹ̀wọ̀n, orí igi ni wọ́n wà, ewé ni wọ́n ń jẹ, àwọn ará abúlé ló sì ń mú àlejò kiri.

Ẹni tó ń mú yín kiri á dúró sábẹ́ igi, á ki ohùn, á bú bíi tiwọn, kò sì ní pẹ́ tí akọ tó wà lókè á fi dá a lóhùn. Ariwo yẹn, háà! Á kọ́kọ́ máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń kọ̀ tí ò fẹ́ tan, lẹ́yìn náà á wá bú gbàù, àwọn tó kù á gbè é, ọmọ tí ò bá mọ̀ á rò pé kìnnìún ló wà nínú igbó. Eegun kan tó ṣófo wà lọ́fun ẹ̀ tó ń mú ohùn yẹn ró, èèyàn tó wà ní ibi tó ju máìlì méjì lọ lè gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ náà ò tóbi! Ewé máa ń já lé èèyàn lórí lábẹ́ igi yẹn, ohun mìíràn náà sì lè já lé e, torí náà ẹ dé fìlà.

Ìkejì ni Belize Zoo, lójú títì tó lọ sí Belmopan. Mi ò kì í sábà rán èèyàn lọ wo ẹranko inú àgò nígbà ìsinmi, àmọ́ ìtàn tibẹ̀ yàtọ̀. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sharon Matola, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ó ń tọ́jú ẹranko fún àwọn tó ń ya fíìmù nípa igbó, owó fíìmù tán, ẹranko 17 wà nílẹ̀ tí ò ṣeé dá padà sígbó torí wọ́n ti mọ èèyàn lójú jù, ló bá jókòó tì wọ́n. Ó kú ní 2021, ọgbà náà ṣì ń lọ. Ẹranko ilẹ̀ Belize nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò ní rí erin, ẹ ò ní rí kìnnìún. Èyí tó jẹ́ ọmọ òrukàn, èyí tó fara pa, jaguar (ẹranko tó jọ ẹkùn) tó ń pa màlúù olóko tí wọn ò bá pa á dànù, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n wá tapir, ẹranko tí Belize fi ṣe àmì orílẹ̀-èdè, imú ẹ̀ gùn, ó rọ̀, á máa yí i kiri tó bá ń gbóòórùn nǹkan. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní màlúù orí òkè, kò sì bá màlúù tan rárá.

Fún màmá, zoo ni mo máa mú. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, igi ṣíji bò ó, wọ́n lè jókòó nígbà tó bá wù wọ́n. Ibi tí ọ̀bọ wà, inú igbó ni, gbòǹgbò wà nílẹ̀, oṣù keje sì ni, òjò ti máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹ lè pín ara yín, kí dádì àwọn ọmọ mú ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ ọ̀bọ kí ẹ̀yin tó kù lọ sí zoo, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yín, tó bá máa dìjà ẹ yáa jọ lọ síbì kan náà. Tí ṣíìpù yín ò bá ta ti ọ̀bọ rárá, ẹ má torí ẹ̀ lọ wá ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ létí omi. Cave tubing tí gbogbo ayé ń pariwo, tí wọ́n ń jókòó lé táyà gba inú ihò àpáta kọjá, ẹ fò ó: ìrìn orí òkúta wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó débi omi, tí odò bá sì kún lásìkò òjò wọ́n lè fagi lé e. Ó ku ohun kan, dọ́là Belize méjì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan, ẹni tó bá pe ogójì dọ́là fún yín, ẹ bi í pé dọ́là ibo.

Roatán wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibí yìí làwọn ọmọ ń retí. Sloth tí wọ́n ń gbé lé àlejò láyà níbẹ̀, erékùṣù yẹn kọ́ ni ìlú ẹ̀, orí ilẹ̀ Honduras ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹranko tó máa ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀ lórí igi láì fẹ́ wàhálà ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa gbé e láti ọwọ́ ẹnì kan sí ti ẹlòmíì, ṣíìpù kan ń lọ òmíì ń dé. Ẹnu ẹ̀ tó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe dá ojú ẹ̀ nìyẹn, inú ẹ̀ ì báà bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Kì í sábà sá, kì í sì í sábà jà, torí náà ẹ̀rù á máa bà á, èèyàn á máa rò pé ara ẹ̀ balẹ̀. Èmi ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ẹ máa gbá ẹranko mọ́ra tàbí pé ẹ máa fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ bi wọ́n níbi tó máa ń sùn, kẹ́ ẹ sì wo ojú wọn. Àwọn ọmọ á bínú o, ẹ ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ mìíràn ẹ máa wọ ọkọ̀ tó ń dúró ní Puerto Limón ní Costa Rica, ẹ máa rí i lórí igi ara ẹ̀ ní ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Cahuita, pẹ̀lú awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn.

Ohun tó dáa ní Roatán wà nínú omi. Etíkun West Bay, coral (ohun tó dà bí àpáta lábẹ́ omi, tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń kọ́) sún mọ́ etí omi débi pé ẹ ò nílò ọkọ̀, ara coral ńlá tó ti ọ̀dọ̀ Mexico wá dé Honduras ni, ti Ọsirélíà nìkan ló gùn jù ú lọ nínú irú ẹ̀ láyé. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì dúró síbi tí ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀, ẹ máa rí ẹja láì mọ omi wẹ̀. Fún màmá, ẹ wá ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, wọ́n á jókòó, ẹja á máa kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ fi ẹja tí wọ́n ń pè ní parrotfish han àwọn ọmọ, aláwọ̀ búlúù àti ewé, eyín ẹ̀ le débi pé ẹ máa gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ omi bó ṣe ń họ coral jẹ, ohun tó bá jẹ á lọ̀ nínú ẹ̀, á yà á jáde ní iyanrìn, àwọn èèyàn á sì tẹ́ aṣọ ìnura lé e lórí létí òkun. Ẹ má sọ fún màmá.

Aago ńkọ́! Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ. Honduras àti Belize kì í yí aago tí ooru bá dé, Texas ń yí i. Nínú oṣù keje, aago 3 lórí fóònù yín ní Roatán lè jẹ́ aago 4 lórí ṣíìpù, torí fóònù máa ń tẹ̀ lé ti ìlú tẹ́ ẹ bá wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ aago ọwọ́ tẹ́ ẹ máa fi sí ti ọkọ̀. Cozumel ò ní wàhálà yẹn lásìkò ooru, aago tiwọn àti ti Galveston bára mu.

Cozumel rọrùn, ṣíìpù á kan èbúté, takisí wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Punta Sur ní ìsàlẹ̀ erékùṣù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀nì wà nínú ọ̀sà ibẹ̀, orí àtẹ̀gùn onígi lẹ máa dúró sí wò ó, màmá lè dúró nísàlẹ̀ sábẹ́ ibòji. Ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní raccoon wà ní erékùṣù yẹn tí kò sí níbòmíì láyé, ó ti fẹ́ tán, ẹ má fún un lóúnjẹ tẹ́ ẹ bá rí i. Bí wọ́n bá gbé yín lọ síbi tí starfish (ẹranko inú òkun tó rí bí ìràwọ̀) wà, ẹ má gbé e jáde nínú omi torí fọ́tò. Dolphin, mi ò ní sọ púpọ̀, Mexico ṣòfin ní 2025 láti fòpin sí fífi wọ́n ṣeré fún èèyàn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Dípò kẹ́ ẹ máa fi sunscreen (ìpara tó ń dènà oòrùn) kun gbogbo ara, ẹ ra aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn fún àwọn ọmọ, ó sàn fún coral, ó sì sàn fún àpò yín. Oògùn ẹ̀fọn, ẹ má gbàgbé.

Oṣù keje wà lára àsìkò ìjì, láti June 1 dé November 30 ni, ọkọ̀ lè fo ìlú kan láì bi ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ra ti ṣíìpù, owó yín á padà. Ẹni tẹ́ ẹ bá bá dòwò pọ̀ níta, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa dá a padà.

Màmá wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn, físà Amẹ́ríkà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí tí ṣíìpù bá ti kúrò ní Galveston wọ́n ti jáde nìyẹn. Mexico máa ń gba ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, Honduras àti Belize ní òfin tiwọn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dárúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi íméèlì dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.