Ilẹ̀ẹ́gbóná yọ sí ọmọ mi lára, oyún sì wà nínú mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ìṣọ̀kún níbí ní Iléṣà ni à ń gbé. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti jẹ́lé-ó-sinmi dé lọ́jọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ẹ́gbóná ti yọ sí i láyà àti lẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi tó wà ní Ìpetu ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, àwọn ń bọ̀ wá mú un lọ. Ọmọ ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n mú un lọ?

Ìdáhùn: Ẹ nu omijé nù, ìyá ọmọ. Kì í ṣe ṣàǹpọ̀nná tí àwọn baba wa ń sá fún nìyí o; ìyẹn ti parẹ́ láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde rẹ̀ láti 1980. Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ni. Síbẹ̀, ìyá ọkọ yín ò jẹ̀bi, oyún yín ni wọ́n ń rò.

Ṣùgbọ́n mímú ọmọ lọ sí Ìpetu ò lè gbà yín mọ́. Àìsàn yìí máa ń ràn láti bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ìléròrò àkọ́kọ́ tó yọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ gbé e mọ́ra torí ara rẹ̀ gbóná, lálẹ́ Àbámẹ́ta tí ẹ jọ sùn, bó bá máa ràn yín, ó ti ràn. Ní Ìpetu, ó lè kó o ran aláboyún mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni kí ẹ pe ìyá tó bí yín lórí fóònù: ṣé ilẹ̀ẹ́gbóná ti ṣe yín rí ní kékeré? Ẹ bi wọ́n dáadáa, torí àwọn ìyá wa a máa da èéyi, tí àwọn kan ń pè ní mísùùsì, pọ̀ mọ́ ọn. Èéyi máa ń bá ikọ́ àti ojú pípọ́n wá, ó máa ń ti ojú yọ lọ sísàlẹ̀, kì í gbomi sínú. Ilẹ̀ẹ́gbóná ní tirẹ̀ máa ń léròrò bí ìgbà tí epo gbígbóná bá ta síni lára, ó máa ń yún ni gan-an, ẹ ó sì rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, èyí tó gbomi àti èyí tó ti di èépá lára ọmọ kan náà. Bí ìyá yín bá ní, "Ó ṣe ọ́, àpá rẹ̀ nìyẹn níwájú orí rẹ," ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹni tó ti ṣe é rí, ohun ìdènà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní rárá, tàbí wọn ò rántí, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ wò ó bóyá yóò yọ. Obìnrin kan wá bá wa nígbà kan, ọjọ́ 17 lẹ́yìn tí ti ọmọ rẹ̀ yọ. Ó ti yọ sí òun náà lọ́rùn àti láyà láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Òun àti ọmọ inú là á já, ṣùgbọ́n ìrora yẹn pọ̀ jù.

Ẹ ka ọjọ́ láti Ẹtì. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ ò ní ìdènà, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yá ni ní ohun ìdènà ẹlòmíì. Láàárín ọjọ́ 10 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún un. Bí kò bá sí, dókítà lè fún yín ní acyclovir, oògùn tó ń bá kòkòrò àìsàn yìí jà, láti nǹkan bí ọjọ́ keje. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21 ni ilẹ̀ẹ́gbóná máa ń yọ sí ẹni tó bá ràn. Tí ìléròrò kan ṣoṣo bá yọ, ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí 24 tó pé. Tí èémí bá ń há yín, ẹ má dúró rárá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọsibítù láago kí ẹ tó lọ, kí ẹ má lọ jókòó sáàárín àwọn aláboyún ẹgbẹ́ yín.

Mo mọ̀ pé ọmọ inú ló ń já yín láyà jù. Nínú 100 ìyá tí ó ràn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ọmọ tó ń fara gbá a kì í ju bíi 2 lọ. Wọ́n á máa fi sikáànì wò ó. Èyí tí àwa agbẹ̀bí ń bẹ̀rù jù ni èyí tó bá yọ sí ìyá ní ọjọ́ 5 ṣáájú ìbímọ sí ọjọ́ 2 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ṣì jìnnà síbẹ̀.

Ẹ gé èékánná ọmọ. Parasitámọ̀ nìkan ni kí ẹ fún un fún ara gbígbóná. Aspirin àti ibuprofen, rárá. Ẹmu tí wọ́n ń fi wẹ̀ wọ́n kò wò ó, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi kalamáìnì pa á lára. Kò gbọdọ̀ padà sílé ẹ̀kọ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di èépá. Abẹ́rẹ́ tó gbà ní oṣù 9 àti oṣù 15, ti èéyi ni, kò kan èyí. Ẹ̀yin náà ò lè gba àjẹsára ilẹ̀ẹ́gbóná nínú oyún, ó di ẹ̀yìn ìbímọ.

Bí ìyá ọkọ yín bá ti ṣe é rí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá yín gbé lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n máa mójú tó ọmọ ọmọ wọn, kí ẹ lè ráàyè lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ yín.