Ìdí tí irin ojú ọ̀run kan fi ń ní ọjọ́ orí méjì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá àṣìṣe ni ọjọ́ orí méjì tí ẹ rí fún mẹ́tíóráìtì onírin (irin tó já láti ojú ọ̀run) kan ṣoṣo, tí ti potassium-40 fi ju ti chlorine-36 lọ. Kì í ṣe àṣìṣe dandan. Ọjọ́ orí níbí ni iye ọdún tí ìtànṣán òfúrufú (cosmic rays) fi ń kọlu irin náà lójú ọ̀run lẹ́yìn tó fọ́ kúrò lára òkúta ńlá tó ti wá; ìtànṣán yìí ló ń dá potassium-40 àti chlorine-36, tí wọ́n jẹ́ átọ́ọ̀mù tó ń jẹrà, sínú rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ń wá.

Láàrin nǹkan bí 300,000 ọdún, ìdajì chlorine-36 ti jẹrà tán, nítorí náà ìtànṣán òfúrufú ti àìpẹ́ yìí nìkan ló lè ròyìn, nígbà tí potassium-40, tí ìdajì tirẹ̀ ń gba bílíọ̀nù 1.25 ọdún, ń pa ìròyìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún mọ́. Bí ìtànṣán bá ti pọ̀ sí i láìpẹ́, ẹni tó bá fi ìwọ̀n òní ṣírò argon-36 (gáàsì tí chlorine-36 ń dà bó bá jẹrà) tó ti ń kóra jọ látìbẹ̀rẹ̀ yóò rò pé irin náà kò dàgbà tó bó ṣe dàgbà.

Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ àfi bí irin náà kò bá tún fọ́ lójú ọ̀run, tí ẹ sì mú àyẹ̀wò méjèèjì láti ojú kan náà lára rẹ̀, torí pé inú irin kì í gba ìtànṣán tó ìta rẹ̀. Ẹ wo ìgbà tó já pẹ̀lú, torí pé lẹ́yìn tó bá ti já sílẹ̀, chlorine-36 rẹ̀ ń jẹrà láìsí àfikún: wọ́n rí mẹ́tíóráìtì Sikhote-Alin nígbà tó já ní Rọ́ṣíà ní 1947, ṣùgbọ́n Canyon Diablo ti Arizona ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 50,000 ọdún, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án chlorine-36 rẹ̀ sì ti lọ.

Ní ti àyípo nǹkan bí mílíọ̀nù 140 ọdún tí onímọ̀ físíìsì Nir Shaviv sọ pé ìtànṣán òfúrufú fi ń pọ̀ tó sì ń dín kù, tó fi ọjọ́ orí àwọn irin wọ̀nyí gbè lẹ́sẹ̀, èmi kò ní gbára lé e: ọ̀pọ̀ irin ẹ̀yà IIIAB (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà mẹ́tíóráìtì onírin) ló ní ọjọ́ orí tó sún mọ́ mílíọ̀nù 650 ọdún, nítorí pé ìkọlù kan náà ló jọ tú wọn ká.