Èsì: Tor, àwòrán ìṣekúṣe àti òfin níbí l'Ábújá

Ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Ẹ ní ó gbé Tor, ètò tó ń fi ẹni tí èèyàn jẹ́ pamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sórí fóònù rẹ̀ ní Kubwa, ẹ wá ń bèèrè bóyá ìyẹn nìkan ti di ẹ̀ṣẹ̀. Rárá o. Àwọn oníròyìn ń lò ó láti dáàbò bo ẹni tó ń tú àṣírí fún wọn. Ohun tí èèyàn bá fi ṣe ni òfin ń wò.

Àwòrán ìbálòpọ̀ tó ní ọmọdé nínú ni kí ẹ kìlọ̀ fún un lé lórí gidigidi. Abala 23 nínú òfin Cybercrimes ti 2015, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Kódà ẹni tó kàn jọ ọmọdé lójú, àti àwòrán àtọwọ́dá tó jọ òótọ́, wà lábẹ́ rẹ̀. Kéèyàn tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù lásán lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5; ẹni tó bá pín in, ọdún 10. Mo fara mọ́ òfin yìí pátápátá, torí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń bà láyé jẹ́.

Ní ti àwòrán ìṣekúṣe àwọn àgbàlagbà, Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, là ń lò níbí, kì í ṣe Criminal Code ti Gúúsù. Òun náà ka títà àti pípín ohun ìṣekúṣe léèwọ̀.

Bí irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ bá já sọ́wọ́ rẹ̀, kó má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe láti fi kìlọ̀. Kó lọ sọ fún NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, tàbí ọlọ́pàá.