Irú ìbẹ̀rù wo ni "ẹ̀mí ìbẹ̀rù" inú 2 Tímótì 1:7?

Ẹni tó béèrè pé àyà òun máa ń já tóun bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ, tí wọ́n wá ń fi 2 Tímótì 1:7 sọ fún un pé ẹ̀mí burúkú ló ń bá a jà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ẹsẹ yẹn ò bá yín wí rárá. Ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run ò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù, bí kò ṣe ti agbára, ti ìfẹ́ àti ti ọkàn tó yè kooro.

Deilia ni Pọ́ọ̀lù kọ síbẹ̀ lédè Gíríìkì. Ìbẹ̀rù tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n ń pè ní phobos, òun ló pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Tuntun, kódà òun náà ni wọ́n ń lò fún ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ìyẹn sì dáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni deilia jẹ yọ nínú Májẹ̀mú Tuntun ní tiẹ̀, ojo ṣíṣe ni. Láyé àtijọ́ ní Áténì, ọkùnrin tó bá ju asà ẹ̀ sílẹ̀ tó sá lójú ogun, irú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní deilos, ìyẹn ẹni tó ń ṣe deilia, òfin sì máa ń gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹ̀. Deilos yìí náà ni Bíbélì wa pè ní "awọn ojo" nínú Ìfihàn 21:8.

Ẹ tún wo Diutarónómì 20:8, deilos yìí wà níbẹ̀ nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gíríìkì: ẹni tó bá ń ṣojo kó máa lọ sílé ẹ̀, kó má baà kó ojo ran ọkàn arákùnrin ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ó dáadáa o, torí ibi tí deilia ti burú gan-an nìyẹn, á mú kéèyàn fi àwọn tí wọ́n jọ dúró sílẹ̀, àwọn yẹn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó ń kọ lẹ́tà yìí, ó ní gbogbo àwọn tó wà ní Éṣíà (ìpínlẹ̀ Róòmù kan níbi tí wọ́n ń pè ní Tọ́kì lónìí) ti kẹ̀yìn sóun, àmọ́ Onesífórù dé Róòmù, ó wá a kiri títí tó fi rí i, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de Pọ́ọ̀lù ò tì í lójú. Ohun tó ń bẹ Tímótì pé kó ṣe náà nìyẹn, kó má sá.

Ní ti àyà jíjá, àwọn tó ń dà yín láàmú kọ́kọ́ lọ ka 1 Kọ́ríńtì 2:3, Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ló sọ níbẹ̀ pé nígbà tóun wá wàásù fún wọn, tòun ti phobos àti ìwárìrì púpọ̀ ni, ó sì wàásù náà.