Èsì: Òjé tí kò dúró lára carbon nanotube
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ da omi kànga gba inú kọ́lọ́ọ̀mù, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ kó carbon nanotube (ihò carbon tín-ín-tín) sí, kó lè mú òjé inú omi náà, àmọ́ òjé kò dúró, ẹ wá ń bèèrè bóyá nanotube ti bàjẹ́. Nanotube yín kò bàjẹ́. Ásíìdì tí ẹ fi tọ́jú omi kànga yẹn ló ń jẹ́ kí òjé ṣàn kọjá. Tí pH (òǹkà tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) bá wà ní 2 bí ẹ ṣe sọ, hydrogen ti gba gbogbo àyè tó yẹ kí òjé lẹ̀ mọ́.

Ẹ fi ammonia gbé pH dé 5 sí 6, díẹ̀díẹ̀ o! Tó bá ga jù, òjé á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó tó dé kọ́lọ́ọ̀mù rárá. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa kán wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fi nitric acid 1 mol/L (bó ṣe lágbára tó nìyẹn) fọ òjé jáde.

Nanotube tí ẹ ti fi ásíìdì sè àti omi tí kò níyọ̀ nìkan ni mo ń sọ. Nínú omi òkun, calcium àti magnesium á bá òjé du àyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi mímọ́ gaara gba ọ̀nà kan náà, kí ẹ lè mọ òjé tí kì í ṣe ti omi kànga, torí ammonia fúnra rẹ̀ lè ní òjé nínú.