Báwo ni Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń ráyè kọ ìwé ìtàn àròsọ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba?

Ìdájí ló fi ń kọ ọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń ṣiṣẹ́ títí di 1867, àmọ́ aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ti máa ń bá a nídìí tábìlì. Ó tiẹ̀ ń fi pọ́n-ùn 5 kún owó ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún kí ó lè máa jí i. Á kọ́kọ́ fi ìdajì wákàtí ka ohun tó kọ lánàá, á máa tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, torí kò sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohùn ìtàn náà kiri. Lẹ́yìn náà, á gbé aago síwájú: ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ó ti parí, kò tíì jẹun àárọ̀. Ìwé ìtàn àròsọ 47 ló kọ.